Òrùlé Tí Ẹ Pín Fún Mi

Sí Bàbá mi Alhájì, ilé wa, Ìjemò, Abẹ́òkúta.

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ètò, ẹ kú àbójútó ẹbí. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Leicester níbí, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀ tí kò sì fẹ́ dá. Mo kí Àlájà, ìyàwó yín. Mo kí Àǹtí Sìdíkátù, ẹ̀gbọ́n yín àti ti bàbá mi olóògbé, tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì ṣùgbọ́n tí etí wọn kò tíì di rárá. Ẹ bá mi kí àwọn ayálégbé ìsàlẹ̀, pàápàá Ìyá Ẹlẹ́ja àti Bọ̀ọ̀dá Atẹ̀wé. Ara mi le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ má da ara yín láàmú nípa mi. Ẹ kò ṣe é rí, kò sì yẹ kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mo fi kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn nígbà tí fóònù wà. Òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ẹ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yin tí ẹ kì í rántí mi bí kò bá ṣe àsìkò òjò. Ẹ ní ọmọ yín àtàtà ni mí. Ẹ ní ìwé péńpé kan wà tí mo máa buwọ́ lù, pé kò ní gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ ò kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú ìwé náà. Mo wá rò ó pé ìṣojú gbogbo ẹbí lẹ ti pín ogún bàbá mi, ẹ sì rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ìta gbangba náà ló yẹ kí n ti dá yín lóhùn.

Ẹni ṣu ni í gbàgbé, ẹni kó kì í gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí.

Lẹ́yìn tí a ṣe fídáù ogójì ọjọ́ bàbá mi, ẹ kó gbogbo wa jọ sí pálọ̀ òkè. Ilé tí bàbá bàbá mi kọ́ fún ọmọ mẹ́ta ni à ń pín. Ẹ mú ṣọ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kọjú sí títì, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ mọ bí a ṣe ń bá ayálégbé sọ̀rọ̀. Ẹ mú yàrá òkè fún àwọn ọmọ yín ọkùnrin. Ẹ fi yàrá ẹ̀yìn sílẹ̀ fún Àǹtí Sìdíkátù. Àǹtí wá béèrè pé ọmọ Múfútáù ńkọ́, kí ni tiẹ̀? Ẹ gbójú sókè, ẹ wo àjà, ẹ ní kí wọ́n fún mi ní òrùlé.

Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òrùlé tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, tí a fi ń gbé korobá kalẹ̀ káàkiri bí òjò bá ti ṣú! Ẹ kò tiẹ̀ jẹ́ kó mọ ní àwàdà. Ẹ ní kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé ìpín pé òrùlé náà, láti orí ògiri dé ṣóńṣó, di tèmi pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má baà wá bá yín fún àtúnṣe. Ẹ buwọ́ lù ú. Àwọn ọmọ yín buwọ́ lù ú. Àǹtí tẹ̀ka. Èmi náà buwọ́ lù ú, omijé kò sì jẹ́ kí n rí ìlà tí mo ń kọ orúkọ mi sí dáadáa.

Tèmi kéré. Ti Màámi ló wà lọ́kàn mi. Ṣọ́ọ̀bù iwájú ni wọ́n ti ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú fún àwọn télọ̀ láti ìgbà tí bàbá mi ti gbé wọn níyàwó. Ẹ ní ìyàwó kì í jogún ilé ọkọ. Alhájì ni yín, ẹ ti dé Mẹ́kà, ẹ sì mọ̀ pé Kùránì tí ẹ ń kà fún opó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹ kò fún Màámi ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òjò ń bọ̀ ni ẹ ní kí wọ́n kó ẹrù wọn síta. Páálí já, bọ́tìnnì dà sínú gọ́tà, omi sì ń gbé e lọ. Màámi wọ inú gọ́tà náà, wọ́n ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ẹlẹ́ja nìkan ló kúrò nídìí fíríìsà rẹ̀ tó bá wọn ṣà á. Ẹ̀yin dúró lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ẹ ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Mo kórìíra yín lọ́jọ́ náà. N kò ní pè é ní orúkọ mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni Màámi ṣe di ará Òṣíẹ̀lẹ̀, tí wọ́n ń ta abẹ́rẹ́ àti òwú fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ agbòòrùn. Èmi wá síbí. Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn là ń fọ̀, òkìtì òkìtì, ẹ̀rọ á máa gbóná bí ààrò nígbà tí òtútù ń mú gìdìgìdì níta. Ọdún àkọ́kọ́, èmi nìkan ni mo gba ààwẹ̀, èmi nìkan ni mo ṣínu, lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹyin. N kò ní ẹni tí mo lè bá sọ Ẹ̀gbá títí di ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Gbogbo ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àtẹ̀jíṣẹ́ yín á dé sórí fóònù mi. Ẹ kì í béèrè àlàáfíà mi. Ohun tí ẹ máa ń kọ kò ju pé òrùlé mi ń jò.

Ìlọ́po méjì iṣẹ́ ni mo ṣe fún ọdún méjì gbáko. Mo ní kí káfíńtà ká páànù àtijọ́ náà kúrò, kí ó yọ gbogbo igi tí ikán ti jẹ, kí ó fi pákó tó lágbára rọ́pò rẹ̀, kí ó sì kan páànù tuntun tó nípọn. Òrùlé náà dúró digbí. Ẹ wọ agbádá, ẹ ya fọ́tò níwájú ilé, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí pé ẹ ti tún ilé bàbá yín ṣe. Mo rí fọ́tò náà. Mo tọ́jú rẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ sólà, iná tí oòrùn ń pèsè, tó wà nínú ìwé péńpé yín. Ẹ rò pé n kò mọ̀ ọ́n. Ilé ìfọṣọ tí mo wà yìí, ayálégbé ni ọ̀gá mi níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn kan wá to sólà sórí òrùlé ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀gá mi kò san kọ́bọ̀, onílé kò san kọ́bọ̀. Mo po tíì fún ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà, mo sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní ilé iṣẹ́ àwọn ló ń fi owó ara rẹ̀ ra gbogbo rẹ̀, òun ló ń tò ó, òun ló ń tọ́jú rẹ̀. Ayálégbé á máa san owó iná tó bá lò, ìyẹn á sì dín sí ohun tó ń san tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ni òrùlé, wọ́n á máa san owó òrùlé fún un lọ́dọọdún, nítorí pé wọ́n yá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń wá kí wọ́n tó gbé àkàbà ni ìbuwọ́lùwé ẹni náà. Mo fọ ife tíì, mo padà sídìí aṣọ mi. N kò mọ̀ pé Ìjemò ni ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀.

Àǹtí Sìdíkátù ló sọ ìyókù fún mi. Wọ́n ní Bọ̀ọ̀dá Atẹ̀wé ló mú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá, nítorí pé epo jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ ìwé títẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja ti sọ fún yín lójúkojú pé bí sólà kò bá dé, òun á kó fíríìsà òun lọ sí ilé tí wọ́n ti ní in. Ẹ ṣe àlejò àwọn ará ilé iṣẹ́ náà, ẹ ra ohun mímu, ẹ mú wọn gun òkè, ẹ fi òrùlé hàn wọ́n. Wọ́n ní òrùlé yìí dára, ta ló kàn án? Ẹ ní ẹ̀yin ni. Lọ́yà wọn ní kí ẹ mú ìwé ilé wá. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó bi yín pé ta ń jẹ́ Ṣẹ̀rífátù. Ẹ ní ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni, kò sí nílé. Ó ní ẹni tí àwọn ń wá gan-an nìyẹn.

Mo rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá mi fi bi mí bóyá ara mi yá. Ara mi kò yá báyẹn rí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí.

Ìpè yín wá bẹ̀rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ẹ ní àwàdà lásán ni ọ̀rọ̀ òrùlé yẹn. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ ní ìwé náà ti gbó. Lẹ́yìn náà, ẹ ní ẹ máa gbé mi ṣépè. Nígbà tí ẹ rí i pé n kò pa fóònù, ẹ sunkún. Ẹ ní ká pín owó òrùlé sí méjì. Ìkẹfà, ẹ gbé fóònù fún ìmáàmù kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ nípa okùn ẹbí. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmáàmù, mo gbọ́ wọn títí dé òpin, mo sì bi wọ́n pé ṣé ẹ sọ ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì fún wọn. Wọ́n ní bọ́tìnnì wo?

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún yín, Bàbá mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pinnu pé n kò ní buwọ́ lu nǹkan kan. Mo fẹ́ kí Ìyá Ẹlẹ́ja kó lọ, kí Bọ̀ọ̀dá Atẹ̀wé kó lọ, kí ṣọ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣófo, kí ẹ máa jókòó síwájú ilẹ̀kùn tí a tì pa láti àárọ̀ dé alẹ́. Inú mi dùn sí i. Mo ń fọ aṣọ, mo ń rò ó, mo ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ọwọ́ mi ba ti Ìyá Ẹlẹ́ja jẹ́, obìnrin tó wọ gọ́tà pẹ̀lú ìyá mi. Màámi náà pè mí, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n ní kí n buwọ́ lù ú, kí n fi yín sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo ní Ọlọ́run ti ṣe tiẹ̀, ó ti fún mi ní òrùlé, ó ku tèmi.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo lọ bá lọ́yà, mo kọ òrùlé náà fún Màámi pátápátá, láti orí ògiri dé ṣóńṣó, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ fún mi. Ìwé náà ti dé ọwọ́ wọn ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ilé iṣẹ́ sólà ti ní ẹ̀dà tiwọn, wọ́n sì ní àwọn lè dúró títí ìparí oṣù yìí, lẹ́yìn náà àwọn á wá ilé mìíràn. Nítorí náà, ẹ má pè mí mọ́. N kò ní nǹkan kan nínú ilé yẹn mọ́. Opó tí ẹ ní kò lè jogún ló ni ohun tó bo gbogbo yín lórí, ẹ̀yin, Àlájà, àti àwọn ọmọ yín ọkùnrin. Bí ó bá ń jò, Màámi ni kí ẹ sọ fún.

Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ní í fi í lọlẹ̀ lọ bá a. Ẹ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sọ́nà Ìbàdàn, ẹ sọ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Agbòòrùn wọn jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó kọjú sí àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù iwájú dání, kí ẹ fi lé Màámi lọ́wọ́. Ẹ mú Àǹtí Sìdíkátù dání pẹ̀lú, nítorí pé mo bẹ Màámi ní ohun kan ṣoṣo, pé kí wọ́n má fọwọ́ kan bírò títí ẹ ó fi fi ẹnu ara yín ròyìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ibi tí ẹ dúró sí àti ohun tí ẹ sọ, kí Àǹtí sì gbọ́ ọ.

Wọ́n gbà fún mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá mi. Bí wọ́n bá ti rí yín lókèèrè, wọ́n á dìde, wọ́n á fi etí ìró nu àga fún yín, wọ́n á rán ẹnì kan lọ ra omi tútù wá. Wọn ò ní jẹ́ kí àyà yín kan ilẹ̀ kí wọ́n tó fà yín dìde. Ó ń dùn mí, nítorí mo fẹ́ kí ó kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó dáadáa, n kò mọ ìyà tí mo lè fi jẹ yín tí yóò wọ̀ yín lára tó bí wọ́n ṣe máa kí yín káàbọ̀. Ẹ gba omi náà, Bàbá mi. Ẹ mu ún tán lójú wọn.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ojú tó ríran, kí ẹ lè máa rí Màámi láràárọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣí ṣọ́ọ̀bù iwájú. Kí ó má fi àìsàn ṣe yín. Ẹ bá mi kí tilé tọ̀nà, àgbà àti èwe, kí ẹ sì ka lẹ́tà yìí sókè fún Àǹtí.

Èmi ni Ṣẹ̀rífátù, ọmọ Múfútáù,
ọmọ yín.