Fọ́tò Ọpọlọ Àbúrò Mi

Ọmọ mi àtàtà, ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Bàbá rẹ ń kí ẹ, gbogbo ilé ń kí ẹ, ara wa le, àfi orúnkún mi tó ń dùn mí díẹ̀. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ wọlé, á máa ṣọ́ ẹ jáde.

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ̀wé yìí, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Àǹtí rẹ, àbúrò mi tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní agbọ̀n híhun, ti ti ibi iṣẹ́ yín dé. Ó ní ẹ gbé òun wọ inú ẹ̀rọ ńlá kan tó ń pariwo, ẹ ń fi owó han òun lára dígí inú rẹ̀, ẹ sì ń wo bí ọpọlọ òun ṣe ń ṣe. Ó ní àwọn dókítà yín sọ pé ọpọlọ àwọn tó ń fọwọ́ dá ọnà kì í fi bẹ́ẹ̀ ta kìjí tó bá rówó, pé tòun gan-an ò tiẹ̀ mì rárá. Àbúrò mi yìí kẹ̀! Ẹni tó jẹ́ pé tó bá gbọ́ ìró owó, á jí lójú oorun! Kí ló dé tó jẹ́ orí tiẹ̀ lo ránṣẹ́ pè? Ṣé orí tèmi ò gba ẹ̀rọ yẹn ni?

Ó ti fi férémù sí fọ́tò ọpọlọ náà, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ lókè tẹlifíṣọ̀n, gbogbo àdúgbò ń lọ wò ó. Èmi náà lọ, mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ yá ọ̀bẹ. Àwùsá tí wọ́n bó ni mo rí. Wọ́n ti wá ń pè é ní Ìyá Ọlọ́pọlọ, wọ́n sì ń bi mí pé ìgbà wo ni tèmi máa jáde.

Mo gbìyànjú láti ya tèmi níbí o. Mo gbé fóònù tó o rà fún mi lé àtàrí, mo tẹ̀ ẹ́, irun ewú nìkan ló gbé jáde. Mo wá pinnu pé kí n kọ́ ọpọlọ mi kó má máa wo owó lójú. Gbogbo oníbàárà tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀fẹ́ ni mo fún wọn lágbọ̀n, mo ní kí wọ́n máa lọ, pé mò ń tọ́jú orí mi. Bàbá rẹ bi mí pé ṣé orí mi pé ṣá. Mo ní ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Kì í ṣe ká fi jẹun o, iwájú mi la máa tẹ́ ẹ sí, kí n máa hun agbọ̀n kí n má wò ó. Bébà tuntun ni kó jẹ́, torí èyí tó ti gbó kì í wọni lójú. Tí ọpọlọ mi bá ti gbọ́ràn, bàbá rẹ ní òun á bá mi kó o kúrò níwájú.

Àmọ́ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún ẹ. Mo ti tẹ́ owó tó kù nílé síwájú ara mi wò, mò ń hun agbọ̀n mi lọ, àyà mi ò já. Ìgbà tí àǹtí rẹ sọ pé ìwọ lo di òun lọ́wọ́ mú títí òun fi wọ inú ẹ̀rọ yẹn, pé o dúró ti òun títí òun fi jáde, ìgbà yẹn ni orí mi gbóná, tí mi ò mọ ibi tí mo hun agbọ̀n dé mọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó o ti di ọwọ́ tèmi mú gbẹ̀yìn. Owó yẹn lè pẹ́ díẹ̀, ìwọ ni kó o má pẹ́.

Ọlọ́run á mú ẹ délé láyọ̀.

Èmi ni, ìyá tó bí ẹ.