Hadassah Níwájú Aṣọ Funfun

Àìkú, 4 Fẹ́búárì 2018
Hadassah ọmọ wa wá láti Galadimawa níbi tó ń gbé, lẹ́yìn ìsìn. Ó fún mi ní fóònù tó ń lò tẹ́lẹ̀, torí ó ti ra òmíràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí. Lójú ẹsẹ̀ mo ya òun àti Beatrice ìyá rẹ̀ ní fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, Dádì, bàtà wa ni mò ń rí, ojú wa dà? Mo ní láyé tiwa, a kì í gé ènìyàn láàárín bí ẹni gé iṣu. Àtorí dé ẹsẹ̀ la fi ń yà á. Ó ní kí n máa súnmọ́ ẹni tí mò ń yà, òun á máa wá kọ́ mi lọ́jọọjọ́ Àìkú. Mo ti sọ ọ́ ní Tíṣà Kékeré.

Kó tó lọ ló sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó fẹ́ kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kánádà. Ọdún méjì.

Mi ò lè jẹun.

Ajé, 5 Fẹ́búárì
Akin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́, tó wà ní Johannesburg láti ọdún mẹ́rin? Ìgbà tó bá rántí ló ń pè. Fọ́tò tó fi ránṣẹ́ ní Kérésì dúdú bí ìdí ìkòkò, mi ò lè mọ̀ bóyá ó ń jẹun. Ọmọ méjì péré la bí. Kánádà wá tún kẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, 8 Fẹ́búárì
Mo fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu ojú kámẹ́rà bí Tíṣà ṣe wí. Àṣé ọ̀rá ọwọ́ mi ló ń sọ gbogbo ayé di kùrukùru.

Àbámẹ́ta, 10 Fẹ́búárì
Mo ya Ṣéhù tó ń ta tíì àti búrẹ́dì níwájú ilé wa. Mo ní kó kọjú sí oòrùn àárọ̀, kó má kẹ̀yìn sí i. Mi ò fi ìka fa àwòrán wá sọ́dọ̀, ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn súnmọ́ ọn. Mo fún ìgúnpá mọ́ ìhà, mo di èémí mú. Ó gba fóònù, ó wò ó. Kai, Baba, ó ní, èmi nìyí? Ó ní ìyá òun ní Kàtsínà gbọ́dọ̀ rí i. Síbẹ̀ ó gba owó tíì lọ́wọ́ mi.

Àìkú, 11 Fẹ́búárì
Ẹ̀kọ́ kejì: kí n fi ìka kan ojú ènìyàn nínú fóònù kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo ya Beatrice níbi tó ti ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ìmọ́lẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Ó dára débi pé mo gbé e sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Gbogbo wọn ń dáhùn "Àmín". Beatrice ní, Bàbá Fọ́tò, wọ́n rò pé àdúrà òwúrọ̀ lẹ fi ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó wò ó. Ìyá Ẹfúnróyè nìkan ló wò ó, ó ní àkàrà òun dà.

Tíṣà ní kí n máa ya géètì, igi máńgòrò, ojú ọ̀nà Jikwoyi àdúgbò wa bí eruku ṣe bò ó. Mo ní kí lèèyàn ń fi fọ́tò géètì ṣe? Ó ní kí n ṣáà máa yà á.

Ẹtì, 16 Fẹ́búárì
Oorun ò kùn mí. Tí ara Hadassah ò bá yá nínú òtútù Kánádà yẹn, ta ló máa po ẹ̀kọ fún un?

Àìkú, 18 Fẹ́búárì
Ọjọ́ burúkú, ọwọ́ mi ni mo sì fi bà á jẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ Kánádà ń béèrè fọ́tò: ẹ̀yìn funfun, kò gbọdọ̀ sí òjìji, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́rú ni ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n máa gba ìwé. Beatrice ní kó lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Hadassah kọ̀, ó ní Dádì ni yóò ya òun.

Mo ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun sójú fèrèsé pálọ̀. Ojú fèrèsé gan-an — mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Mo mi ọwọ́ nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Gbogbo rẹ̀ ṣú. Mo ní wọ́n ti mú iná lọ, ìmọ́lẹ̀ ò tó.

Ó wo fọ́tò náà pẹ́. Kò bínú. Ó ní, "Dádì, ẹ mọ̀ ọ́n yà ju báyìí lọ. Èmi ni mo kọ́ yín."

Beatrice rọra wọ ìdáná lọ.

Hadassah ní kí ni mo rò pé òun ń torí ẹ̀ wá kọ́ mi. Ó ní òun fẹ́ máa rí ilé níbi tóun bá wà, òun sì fẹ́ mọ̀ bóyá a ń rù tàbí à ń sanra. Òun ò fẹ́ kó rí bíi ti Bọ̀dá Akin. Ó gbé báàgì, ó lọ wọkọ̀.

Ajé, 19 Fẹ́búárì
Mo wo fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ mi dà bí ẹni tó wà nínú ihò. Èmi ni mo tì í síbẹ̀. Mo pè é, mo ní kó dúró dè mí ní Ọjọ́rú, kó má lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Ó ní ó dáa, sà.

Ọjọ́rú, 21 Fẹ́búárì
Nígbà tí mo jí, Beatrice ti lọ aṣọ funfun náà, ó ti ká a sínú báàgì. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo dúpẹ́ fún obìnrin yìí.

Mo wọ ọkọ̀ méjì dé Galadimawa. Ànú tí òun àti Hadassah jọ ń gbé bá wa di etí aṣọ mú ní fàráńdà, níbi tí oòrùn ò tíì dé ṣùgbọ́n tó mọ́lẹ̀. Mo nu ojú kámẹ́rà. Mo súnmọ́ ọmọ mi. Ẹ̀rín ń pa á, Ànú náà ń tì í lẹ́yìn. Mo ní, Hadassah, dákẹ́, má sọ mí di aláwàdà níwájú àwọn ará Kánádà. Nígbà náà ló wá wò mí lójú tààrà. Àpá kan wà lẹ́bàá ìpéǹpéjú rẹ̀, látìgbà tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó pẹ́ tí mo ti wo ojú ọmọ mi báyẹn. Mo fi ìka kàn án nínú fóònù. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó mọ́ kedere. Ó ní, "Dádì, ẹ ti gbóná jù." Ibẹ̀ náà ló ti fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo ìwé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo fà á dìde, mo ní kó tètè máa lọ, kó má pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

A ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n máa gbà á. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ohun tí mo sì gbọ́ lẹ́nu ara mi ni pé kí wọ́n gbà á.