Ike Abẹ́ Igi Ọsàn

Olúwadára ọmọ mi,

Báwo ni òtútù Jọ́ọ̀sì? Mo mọ̀ pé àsìkò yìí ni í máa ń bẹ́ni létè. Ọlọ́run yóò máa bò ọ́ o. Àlàáfíà la wà ní abúlé, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, òrùlé ilé ìdáná ń jò, orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún, ó ní kí n má sọ fún ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ kékeré.

Tíṣà Jíbọ́lá, tó ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé wa, ló fi fọ́tò rẹ hàn wá lórí fóònù. Ìyá rẹ pariwo. Ìwọ àti Nàfísátù ọ̀rẹ́ rẹ wà lẹ́bàá odò, o lóṣòó, o ti apá bọ ihò àpáta dé èjìká, o sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́ ni? Tíṣà ní eré ni, pé ẹ fẹsẹ̀ rin ọjọ́ méjì gbáko tọ odò lọ, pé àwọn kan ló fi ike pamọ́ síbẹ̀, fóònù ló ń júwe ibi tó wà, tí ẹ bá rí i, ẹ ó kọ orúkọ sínú ìwé inú rẹ̀, ẹ ó mú nǹkan kan, ẹ ó fi òmíràn dípò, ẹ ó sì dá a padà sínú ihò.

Ó kọ́kọ́ yé mi. Mo ní ọjà ni wọ́n ń tà, bí a ṣe ń to iṣu sẹ́bàá ọ̀nà oko tí a ń fi òkúta wẹ́wẹ́ sọ iye rẹ̀, tí olówó ń mú iṣu tó ń fowó sílẹ̀, láìsí ẹni tó dúró tì í. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà wo ló ń kó ọjà sínú àpáta? Abájọ tí kò fi tà. Ní kó gbé e bọ́ sí títì. Tíṣà tún ní bọ́tìnì lo mú, báírò tuntun lo fi sílẹ̀. Dára, wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Èmi tí mo taṣọ ní Angwan Rukuba ní Jọ́ọ̀sì níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún, mi ò rí ẹni tó rin etí odò Dílímì torí bọ́tìnì.

Ohun tó dùn mí ni pé o ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí o wálé, ọdún kẹta rèé, o sì ráyè ọjọ́ méjì fún ike. Bóyá a ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè ọ́ ni.

Mo ti fi ike tiwa pamọ́ báyìí, ike bọ́tà, lábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìn ilé. Tíṣà ní ojú ọ̀run ni ohun tó ń fọ̀nà han fóònù wà, mo bá gé gbogbo ẹ̀ka tó bò ó. Ìyá rẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì nítorí ọsàn náà. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, fóònù rẹ ò tíì sọ nǹkan kan? Jọ̀ọ́, fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún ránṣẹ́ kí n ra káàdì fóònù fún ike yẹn, kí o fi owó páànù kún un.

Orúkọ àwa méjèèjì wà nínú ìwé rẹ̀, ó ku tìrẹ. Fìlà òwú tí ìyá rẹ hun fún ọ ni wàá mú. Oorun alẹ́ méjì nílé wa ni wàá fi dípò.

Olúwa tó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ létí omi yóò yí i sọ́nà ilé. Àmín. Ìyá rẹ ń ṣí ike náà wò láràárọ̀, bóyá o ti wá kọ orúkọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adébánjọ