Òjò Inú Téèpù Kẹrin

Mowe,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Fadilah, ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Màmá, mo sì kí àwọn ará ilé. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ara líle ní Ibafo, kí òtútù òjò yìí má sì nípá lórí Màmá. Ara tèmi náà le, a dúpẹ́. Ọdún mẹ́wàá nìyí tí a ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ gùn, ó sì yẹ kí o ní in lọ́wọ́ ní kíkọ, kí o lè kà á fún Màmá gẹ́lẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́.

O kò ní gbàgbé yàrá wa nílé ìwé ní Ibogun, nígbà tí a jọ ń se ìrẹsì nínú ìkòkò kan, títí di Sátidé tí Màmá wá kí ọ. Wọ́n gbọ́ pé Ifọ̀ ni mo ti wá, wọ́n sì bi mí pé, “Ọmọ ta ni ẹ́ ní Ifọ̀?” Mo ní ọmọ Ládélé Adébánjí ni mí. Wọ́n gbé omi tí mo fún wọn kalẹ̀ láì tọ́ ọ wò. Wọ́n ní, “Fadilah, kó ẹrù ẹ.” Ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọmọ Yínúsà Bùrẹ́ímọ̀ ni ọ́, òṣèré tó ṣe òkú nínú fíìmù bàbá mi, Àlejò Inú Pósí.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí kò jọ èyí tí a kọ́ ní ilé ìwé. Fídíò àtijọ́ ni mo ń tún ṣe, mo sì lọ kọ́ ọ fún ọdún mẹ́rin. Àwọn fíìmù iwin àti òkú ni wọ́n ń gbé wá fún mi jù, àwọn tí wọ́n fi owó kékeré ṣe, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun kun ojú òkú, tí wọ́n fi sóbò ṣe ẹ̀jẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kì í fi wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí nínú wọn nìkan ni mo ti ń rí àwọn ojú ọ̀nà wa àti àwọn ènìyàn wa tí ẹnikẹ́ni kò ya àwòrán wọn sí ibòmíràn. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Èkó ń kó irú fíìmù bẹ́ẹ̀ jọ kí àwọn ènìyàn lè máa wò wọ́n nílé. Wọ́n ti béèrè fíìmù bàbá mi lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn náà bí mo ṣe gbọ́ ọ nílé wa, kí o lè mọ ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Nínú ẹgbẹ́ òṣèré bàbá mi, ẹni tó bá ṣe òkú nínú pósí kì í dá dìde. Olùdarí ni yóò dúró níbi orí pósí, yóò pe orúkọ rẹ̀ gan-an lẹ́ẹ̀mẹta, kì í ṣe orúkọ inú eré. Òun náà yóò jẹ́ ẹ, wọn yóò sì fà á lọ́wọ́ jáde. Ní 1998, Màmá kò fẹ́ kí bàbá rẹ ṣe ipa náà rárá, nítorí Mùsùlùmí ni yín, ẹ kì í sin òkú yín sínú pósí. Bàbá mi wá sílé yín, wọ́n jókòó lórí ẹní, wọ́n sì ṣèlérí fún Màmá pé ẹnu ara àwọn ni àwọn yóò fi pè é jáde.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán náà, ibà jẹ̀funjẹ̀fun pa bàbá rẹ. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Màmá sọ pé ọkọ àwọn ti fi ẹ̀rín sọ fún àwọn pé wọ́n gbàgbé òun sínú pósí nínú òjò. Bàbá mi ní irọ́ ni, pé àwọn pè é. Gbogbo ẹgbẹ́ gbè sẹ́yìn bàbá mi. Láti ìgbà náà, opó tó ń purọ́ mọ́ ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pe Màmá ní Ifọ̀, títí ẹ fi kó kúrò níbẹ̀. Èmi náà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn mi.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí fíìmù náà, ẹ̀dà tí wọ́n tà sọ́jà nìkan ni mo ní, ibi pósí sì ti bàjẹ́ tán lára rẹ̀. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, a máa ń padà sí téèpù tí wọ́n fi ya àwòrán gan-an, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé. Mẹ́rin ni wọ́n. Bàbá mi kó mẹ́ta fún mi, wọ́n ní, “Ìkẹrin ti bu. Má wulẹ̀ fọjọ́ ẹ ṣòfò.” Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi jù ú sínú ọ̀rá fún mi.

Òótọ́ ni pé ó ti bu. Funfun hù lára rẹ̀ bíi ti búrẹ́dì tó pẹ́. Àmọ́ téèpù tó bu kì í ṣe téèpù tó kú. Mo gbé e sínú àpótí tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fẹ́ sí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni mo ń fi ọwọ́ ká a, tí mo ń fi aṣọ rírọ̀ nù ún, ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ènìyàn bá kánjú, ohun tó di àwòrán mú yóò ṣí kúrò lára ike, kò sì ní padà mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi nù ún. Ọjọ́ kejìlá ni mo fi í sínú ẹ̀rọ.

Mo rí bàbá rẹ nínú pósí, ìyẹ̀fun lójú, òwú nímú. Mo gbọ́ ohùn bàbá mi: “Gé e!” Ibẹ̀ ni ẹ̀dà tí wọ́n tà dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya àwòrán kò pa kámẹ́rà. Òjò dé lójijì. Ó gbé kámẹ́rà sá sábẹ́ páànù, ojú kámẹ́rà sì wà lára pósí síbẹ̀. Gbogbo wọn ń sá kiri. Bàbá mi ń pariwo pé, “Ẹ bo jẹnẹrétọ̀! Kámẹ́rà ńkọ́? Kámẹ́rà ni mo ní kẹ́ ẹ gbé!” Kò sí ẹnikẹ́ni níbi orí pósí. Bàbá rẹ dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ń retí kí a pe àwọn. Mo ka àkókò náà, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógún ni. Lẹ́yìn náà bàbá rẹ di etí pósí mú, wọ́n dìde jókòó, òjò ń fọ ìyẹ̀fun kúrò lójú wọn. Wọ́n ní, “Ládélé! Ṣé báyìí lẹ ṣe ń sìnkú nílé yín? O ò pè mí o!” Bàbá mi dáhùn láti abẹ́ páànù pé, “Yínúsà, sáré jàre! Òjò kì í pa òkú!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, bàbá rẹ náà sì rẹ́rìn-ín.

Màmá kò purọ́, Fadilah.

N kò ní fi ohun tí mo rò nígbà náà pa mọ́ fún ọ. Ìṣẹ́jú àáyá kan ní àwòrán márùndínlọ́gbọ̀n nínú, mo sì mọ bí a ṣe ń yọ ọ̀kan kúrò tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Èyí kò tilẹ̀ gba kí n yọ ohunkóhun. Bí mo bá ti dá a dúró níbi “Gé e”, fíìmù ti pé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rò ó. Mo ń sọ fún ara mi pé àìpè kọ́ ló pa bàbá rẹ, pé omi àdúgbò yẹn pa ẹni mẹ́ta mìíràn lọ́dún náà. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá sọ pé ẹnì kan ṣèlérí fún àwọn, kò mú un ṣẹ, ó sì sẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Ó wà nínú téèpù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo gbé kọ̀mpútà lọ sí Ifọ̀, mo fi í han bàbá mi. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti dáhùn, wọ́n fi ọwọ́ bo etí wọn. Wọ́n ní, “Mọ́láyọ̀, mo mọ̀. Ọjọ́ tó kú, mo bá ìyàwó ẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń sunkún. Mo ní mo pè é, kí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀. Nígbà tó já mi nírọ́, mi ò rọ́nà padà mọ́. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ nǹkan tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ tún un sọ.” Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fi jó téèpù náà láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní, “Ibo ni mo tún ti máa rí Yínúsà?”

Téèpù náà ló wà nínú àpótí tó bá lẹ́tà yìí wá, pẹ̀lú ẹ̀dà rẹ̀ lórí fúláàṣì. N kò tún ohunkóhun ṣe lára ẹ̀dà náà, kódà ariwo òjò. Ọmọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni mí, mi ò sì fẹ́ kí o máa ṣiyèméjì pé mo fi ọwọ́ kàn án. N kò ní òmíràn lọ́wọ́. Bí Màmá bá ní kí ẹ jó o, ẹ jó o, fíìmù náà kò ní jáde. Bí wọ́n bá gbà kó jáde, yóò jáde pẹ̀lú òjò náà àti ohùn bàbá mi, láìgé.

Bàbá mi ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn yóò dúró níwájú ilé tí ẹ ti kó kúrò ní Ifọ̀, kí àwọn sọ fún àwọn aládùúgbò tó ṣẹ́kù pé àwọn ni àwọn purọ́. Kí Màmá mú ọjọ́ tó bá wù wọ́n. Bí wọn kò bá fẹ́ fi ojú kan bàbá mi, bàbá mi yóò lọ sọ ọ́ láìsí wọn. N kò tọrọ ìdáríjì fún wọn nínú lẹ́tà yìí. Èyí tí mo jẹ Màmá fúnra mi ni mo ń tọrọ: mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú sí mi fún ohun tí mo ti pè wọ́n lọ́kàn.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ bàbá rẹ. Kí ó fún Màmá ní ẹ̀mí gígùn tí wọn yóò fi gbọ́ orúkọ rere ara wọn lẹ́nu àwọn tó bà á jẹ́. Kí ó sì ṣọ́ ilé rẹ àti gbogbo ohun tí í ṣe tìrẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ gbé yàrá kan,
Mọ́láyọ̀ Adébánjí.

Àfikún: Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi téèpù náà sínú ẹ̀rọ àtijọ́, yóò já a. Fúláàṣì ni kí o wò. Má sì pa á nígbà tí bàbá mi bá sọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀rín bàbá rẹ ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Imú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń rín in kí ó tó dé ẹnu. Mo dá a dúró, mo tún un gbọ́, nítorí mo rò pé ìwọ ni.