Màmá Wá Jókòó Lẹ́nu Ọ̀nà Ọ́fíìsì Mi

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àjò o. Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Wọ́n ti yọ eyín tó ń da àbúrò wa láàmú, ilé ìdáná ò sì jò mọ́.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nínú ìwádìí tí mò ń ṣe ní ọsibítù, àwọn obìnrin tí ọkọ wọn kú là ń bi léèrè bí ọkàn wọn ṣe rí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣílẹ̀kùn láti pe ẹni tó kàn. Ta ni mo rí lórí àga? Màmá wa!

Mo ní, "Màmá, òfin iṣẹ́ wa ò gbà kí n ṣèwádìí lórí ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ bá ẹlòmíì tó máa gbọ́ yín."

Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn. "Gbogbo ayé lò ń bi léèrè, èmi nìkan lo ò lè bi."

Látìgbà náà, oúnjẹ ò wọlé fún wọn. Tí n bá béèrè, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Ẹ má wulẹ̀ béèrè nípa ilé. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ Bàbá lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kan ara wa láyọ̀. Láti ọjọ́ tá a ti sin Bàbá, kò sí ìkankan nínú àwa ọmọ tó bi wọ́n léèrè rí bí ọkàn wọn ṣe rí.

Àbúrò yín obìnrin.