Lẹ́tà Tó Ń Dúró Dè Mí ní Òfosù

Àtìní, 13 Oṣù Kẹwàá 2025
Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n má gba ìwé mọ́. Àyè PhD kan ṣoṣo ní Jámánì, lórí kọ̀ǹpútà kuántọ̀mù. Àwọn ló máa san gbogbo owó. Tèmi ti pé, àfi lẹ́tà ẹ̀rí Dókítà Ọláfimíhàn tó kọ́ mi ní físíìsì ní yunifásítì. Ímeèlì mẹ́rin ni mo ti kọ. Baba ò fèsì. Kí ni mo fi ṣe é?

Àtàláátà, 14
Ímeèlì karùn-ún. Kò sí nǹkan kan.

Àlàrùbá, 15
Ìyá mi rí ojú mi, ó bèèrè. Mo sọ. Ó ní, “Hajarah, ṣé fóònù ni wọ́n fi ń bẹ àgbà?” Mo ní ayé ti yí padà. Ó ní ayé lè yí, baba yẹn ò yí. Inú bí mi torí pé òótọ́ ni. Baba ti fẹ̀yìn tì, oko kòkó ló wà ní Òfosù. Ó dáa. Mò ń lọ lọ́la. Ìwé ẹyọ kan ò ní gba àyè yìí mọ́ mi lọ́wọ́.

Àlàmísì, 16
Táásì dé Ondo, òmíràn dé Ọ̀rẹ̀, ọ̀kadà wọ oko. Òjò pa mí bí ẹní máa kú. Baba ń fọ́ kòkó. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ — kò tètè ní kí n dìde o! Kùmọ̀ tó fi ń fọ́ kòkó ló nà sí mi. Wákàtí mẹ́ta gbáko, èmi ọmọ Ìdànrè, mò ń fọ́ kòkó olókòkó.

Ìgbà tó yá ló ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo fẹ́ lọ ṣe, lédè Yorùbá. Mo ní kọ̀ǹpútà yìí gbẹgẹ́, ooru díẹ̀ báyìí, ìṣirò ti dàrú. Mo fẹ́ wá bí a ṣe máa mọ àṣìṣe rẹ̀ láìṣí i wò. Bíi kòkó tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò kó lè kan — ẹni tó bá ń ṣí i wò ṣáá, tirẹ̀ ò ní kan dáadáa.

Baba rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Lẹ́tà rẹ ti wà nínú fóònù mi láti ọjọ́ tí o kọ́kọ́ kọ̀wé. Ìwọ ni mò ń retí.”

A jọ rìn dé etí títì, ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ó tẹ fóònù pẹ́ kó tó fi ránṣẹ́. Mo rò pé ojú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo sunkún. Ìbínú ni.

Jímọ̀, 17
Lẹ́tà ti wọlé. Alihamdulilahi.

Àtàláátà, 4 Oṣù Kọkànlá
Wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí fídíò, àwọn mẹ́ta. Ìbéèrè wọn le. Mo dáhùn. Níparí, obìnrin àárín ka ìlà tó kẹ́yìn nínú lẹ́tà Baba: mo fọ́ kòkó fún un fún wákàtí mẹ́ta, n kò sì bínú rárá. Áà! Ohun tí Baba ń tẹ̀ létí títì nìyẹn. Obìnrin náà bi mí bóyá òótọ́ ni.

Mo ní, “Rárá, mo bínú gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò kúrò níbẹ̀.”

Jímọ̀, 7
Wọ́n gbà mí. Èmi, Hajarah! Ìyá mi ti wólẹ̀, ó ń dúpẹ́. Mo ti ṣí ímeèlì láti sọ fún Baba — mo pa á dé. Táásì Ondo máa ń gbéra ní aago méje àárọ̀.