Kí Ni Kí N Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Charity?

Ìyáàfin Títíladé, olóòtú wa, mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ yín. Ẹ dákun, ẹ má dárúkọ mi. Èmi ni mò ń mójútó ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lágbègbè Òkìtìpupa. Ó ti rẹ̀ mí.

Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi, ẹ jẹ́ ká pè é ní Charity. Láti ìgbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ti parí ló ti ń dá nìkan sọ̀rọ̀. Lóṣù tó kọjá, ó fọ́ fèrèsé kíláàsì, ó sì lé olùkọ́ jáde. Àwọn aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kí n kọ ohun tó fà á sínú fọ́ọ̀mù. Tí mo bá kọ àìsàn, wọ́n á jẹ́ kó gbàtọ́jú, kó sì padà sí kíláàsì. Tí mo bá kọ ìwà ìpáǹle, wọ́n á lé e.

Bàbá rẹ̀ wá láti Ìkọ̀yà, ó dọ̀bálẹ̀. "Mọ́mì, ẹ bá mi kọ ìpáǹle. Àwọn èèyàn á gbàgbé ìyẹn. Tí wọ́n bá gbọ́ pé orí rẹ̀ dàrú, ta ló máa fẹ́ àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin?"

Kí ọmọ mi tó gbéyàwó, ohun tí èmi náà kọ́kọ́ lọ wádìí ni bóyá orí ẹnikẹ́ni dàrú rí nínú ẹbí ìyàwó.

Charity ti ń lo oògùn tí dókítà kọ fún un, ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ó máa ń bi mí pé, "Mọ́mì, ọjọ́ wo ni mo máa padà sí kíláàsì?" Màá ní kó lọ jẹun.

Fọ́ọ̀mù náà ṣì wà nínú báàgì mi. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọkùnrin tó tó gbéyàwó nílé, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dá mi lóhùn.